Bí A Ṣe Ń Tọ́ Asáré 800 Mítà Dàgbà: Ohun Tí Ìrìn-àjò David Rudisha Fi Kọ́ Wa

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ní pápá ìṣeré Òlíńpíìkì tó wà nílùú London, ọmọ Kẹ́ńyà kan tí ń jẹ́ David Rudisha bọ́ síwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré 800 mítà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí iwájú òun títí tó fi dé òpin. Ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40.91 ló fi sá a, kò sì tíì sí ẹni tó sá a yá jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí. Kò sí aṣíwájú kankan tí wọ́n sanwó fún kí ó bá a fa eré náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní àwọn ìdíje olówó ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹni tó gbẹ̀yìn nínú àwọn mẹ́jọ tó sáré lálẹ́ ọjọ́ náà lo 1:43.77, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n yẹn ì bá gba wúrà ní Sydney ní 2000, ní Athens ní 2004, àti ní Beijing ní 2008.

Àwọn tó wo eré náà sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. Ohun tó jẹ mí lógún ni àwọn ọdún tó ṣáájú rẹ̀, láti 2005 tí ọ̀dọ́mọkùnrin Maasai náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Brother Colm O'Connell nílùú Iten ní Kẹ́ńyà, nítorí inú àwọn ọdún wọ̀nyí ni a ti lè rí ọ̀nà tí àwa náà lè tọ̀. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn eré sísá, fún olùkọ́ tí wọ́n fi eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ lé lọ́wọ́, àti fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe nǹkan láyé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́: sùúrù ni a fi ń kọ́ eré 800 mítà. Ẹni tó bá ń kánjú kó ife-ẹ̀yẹ jọ nígbà tí ọmọ kò tíì ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, agbára tí ọmọ náà ì bá fi sáré nígbà tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ló ń bá a ná.

Irú eré tó jẹ́

Ìyípo méjì ni 800 mítà lórí pápá tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ 400 mítà. Ẹni tó ń sá 100 mítà kò fi bẹ́ẹ̀ nílò èémí. Agbára tó ti wà nínú iṣan rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó láti gbé e dé òpin. Ní ti ẹni tó ń sá máratọ́ọ̀nù, èémí ni ohun gbogbo. Asáré 800 mítà ń lo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ tó ń ti inú afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú wá, ìyókù sì jẹ́ agbára tí iṣan ń dá pèsè láìdúró de afẹ́fẹ́, tí ó sì ń fi ìnira sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ọmọ tó yára bí àṣá ní 200 mítà fi lè dúró bí igi nígbà tó bá ku ọgọ́rùn-ún mítà, tí ọmọ tó lè sáré wákàtí kan láìsinmi kò sì ní lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde nínú kọ́nà àkọ́kọ́.

Mo mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, èmi ni mo sá 800 mítà fún ilé wa ní inter-house sports. Mo sá ìyípo àkọ́kọ́ bí ẹni pé ìyípo kan ṣoṣo ló wà, mo sì fi bí ogún mítà ṣíwájú. Nígbà tí mo fi máa dé kọ́nà tó kẹ́yìn, èjìká mi ti gùn dé etí, apá mi ń fì sí ẹ̀gbẹ́ dípò kí ó máa fì síwájú, orúnkún mi kọ̀ kò gbéra mọ́, mo sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lórí iyanrìn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí wọ́n ti ń kọjá mi. Kò sí ẹni tó ti sọ fún mi pé eré náà ní ìpín tirẹ̀. Mo ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọmọ láti ìgbà náà, ó sì ń dùn mí, torí wọ́n máa ń rò pé àìlágbára ló fà á, nígbà tó jẹ́ pé àìkọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ òfin eré náà pẹ̀lú. Ní ìdíje tó bófin mu, olúkúlùkù yóò dúró nínú léènì tirẹ̀ títí wọn yóò fi jáde nínú kọ́nà àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n fa ìlà sí, lẹ́yìn èyí ni gbogbo wọn tó lè yà sínú. Ọmọ tí kò mọ èyí yóò yà kí àkókò tó tó, wọn yóò sì lé e kúrò nínú eré. Bí ó bá sì yà lójijì bí ẹni fẹ́ já ọ̀nà, yóò sá ju ìwọ̀n tó yẹ lọ. Ńṣe ni kí ó máa yà sínú díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ gbogbo ọ̀nà gbọọrọ títí dé kọ́nà kejì.

Bí a ṣe ń dá ọmọ tó yẹ mọ̀

Bàbá Rudisha, Daniel Rudisha, wà lára àwọn ọmọ Kẹ́ńyà tó gba fàdákà nínú eré aṣẹ́lé (relay) 400 mítà mẹ́rin ní Mexico City ní 1968. Eré 400 mítà ni ọmọ náà gbé dé Iten. O'Connell ló yí i padà sí 800. Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni O'Connell, ó dé Iten ní 1976 láti wá kọ́ àwọn ọmọ St Patrick's High School ní jọ́gíráfì, kò sì kọ́ iṣẹ́ kóòṣì níbì kankan kí ó tó débẹ̀. Wíwò ló fi kọ́ ọ. Ó ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń wo bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn náà ni Peter Rono, tó gba wúrà 1500 mítà ní Seoul ní 1988, àti Wilson Kipketer, tí Rudisha gba ipò tó yá jù lágbàáyé lọ́wọ́ rẹ̀, ti kàwé. Mo ń sọ èyí kí olùkọ́ tó ń ka ìwé yìí, tí kò ní ìwé-ẹ̀rí kóòṣì, má baà rò pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá òun.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni eré 400 mítà ọmọ náà. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń lò: ẹ sọ ìwọ̀n 400 mítà rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kún un, ẹ ó sì rí nǹkan tó súnmọ́ ohun tó lè sá ní 800 bí ó bá gba ẹ̀kọ́ tó péye. Rudisha sá 400 mítà ní 45.50 nílùú Sydney ní 2010. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 91, àfikún tó sì gbé e dé 1:40.91 kò pé mẹ́wàá. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin tó bá fẹ́ sá 800 ní ìṣẹ́jú 2 gbọ́dọ̀ lè sá 400 ní bí 54 tàbí 55. Bí ó bá jẹ́ 60 ni gbogbo agbára rẹ̀ gbé e dé ní 400, kò sí iye ìgbìyànjú tó lè mú un sá méjì irú rẹ̀ láìsinmi. Eré tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ ẹ́, kò sì sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ohun kejì ni 600 mítà. Ẹ ní kí ó sá a ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ ní igba mítà tó kẹ́yìn. Ọmọ tó ń lọgun nínú ara rẹ̀ ṣùgbọ́n tí èjìká rẹ̀ kò gùn, tí ẹnu rẹ̀ kò fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju ọmọ tó yára lásán lọ.

Kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́rìnlá, èmi kì í bá a sọ̀rọ̀ 800 rárá. Kí ó gbá bọ́ọ̀lù, kí ó fò, kí ó sáré kúkúrú, kí ó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Maria Mutola ti Mòsáḿbíìkì, tó gba wúrà 800 mítà ní Sydney ní 2000, bọ́ọ̀lù ló ń gbá pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin nílùú Maputo kí wọ́n tó darí rẹ̀ sórí eré sísá. Bọ́ọ̀lù yẹn kò bà á lẹ́sẹ̀ jẹ́. Òlíńpíìkì mẹ́fà ló kópa nínú rẹ̀.

Ìdánrawò ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan tó ń lépa ìṣẹ́jú 2, ìyẹn 60 fún ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ọdún rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ti fífi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, eré pẹ̀lẹ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Oṣù méjì tó tẹ̀lé e jẹ́ ti eré tó súnmọ́ ìyára ìdíje. Ìyókù jẹ́ ti ìdíje fúnra rẹ̀, tí ìdánrawò yóò dínkù ní iye ṣùgbọ́n tí yóò yá sí i.

Ní àkókò ìpìlẹ̀, ní ọjọ́ Ajé, kí ó sáré ìṣẹ́jú márùndínlógójì ní ìwọ̀n tí yóò fi lè máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láìgé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, eré náà ti yá jù, kí ó rọra. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ó sá 80 mítà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, kì í ṣe pẹ̀lú gbogbo agbára, bí kò ṣe pẹ̀lú ara tó tú pátápátá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti òkè: ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tó ọgọ́rùn-ún mítà, kí ó sá a lọ sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kí ó sì máa rìn bọ̀ wálẹ̀. Òkè ń fún iṣan lágbára láìsí irin gbígbé, ó sì ń kọ́ orúnkún láti gbéra. Ọjọ́rú kí ó sinmi, tàbí kí ó ṣe eré ìdárayá ikùn àti ẹ̀yìn nínú ilé. Ní Ọjọ́bọ̀, kí ó sá 600 mítà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ní ìṣẹ́jú 2 sí ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 5, kí ó máa sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, eré gígùn ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti ìsinmi, mo sì ń bẹ̀ yín kí ìsinmi náà jẹ́ ìsinmi ní tòótọ́. Ara kì í lágbára lórí pápá. Ibi tí ó bá ti ń sùn ló ti ń tún ara rẹ̀ kọ́.

Nígbà tí ìdíje bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ yóò yí padà. 200 mítà ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní 29 tàbí 30, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ láàárín wọn, kí ó wá sinmi ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí ó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ṣọ́ra fún ọmọ tó bá sá ti àkọ́kọ́ ní 27. Ẹ má yìn ín. Ìwọ̀n tí ẹ fún un ni kí ó sá, torí mímọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ara ẹni láìwo aago jẹ́ ìdajì iṣẹ́ asáré 800. Nígbà tó bá di pé ó lè sá 200 kí ó sì sọ iye tó jẹ́ kí ẹ tó sọ fún un, tí kò sì ṣì í ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ, inú mi máa ń dùn ju ìgbà tó bá gba ife-ẹ̀yẹ lọ.

Ohun tí àwọn tó lọ sí Iten máa ń sọ nípa O'Connell ni pé kì í fi iṣẹ́ pa ọmọ. Bí ara ṣe ń lọ ló máa ń tẹnu mọ́. Èyí kò náni lówó, àwa náà lè ṣe é. Ẹ mú fóònù, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní ibi 300 mítà, kí ẹ ya fídíò rẹ̀ bí ó ṣe ń kọjá. Ẹ wo ọwọ́: ṣé ó di ìkúùkù le, àbí ó dì í bí ẹni mú ẹyin dání? Ẹ wo èjìká, ẹ wo bóyá apá ń gé àyà kọjá, ẹ wo bóyá ẹsẹ̀ ń balẹ̀ lábẹ́ ara tàbí ó ń balẹ̀ síwájú jù bí ẹni ń fi bíréèkì mú ọkọ̀. Ẹ fi han ọmọ náà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì tún ohun kan ṣoṣo ṣe nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá tọ́ka sí àbùkù márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní rántí ọ̀kankan.

Ní ti ibi gíga, Iten wà ní bí 2,400 mítà sókè ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ara sì máa ń fi ẹ̀jẹ̀ pupa kún ara rẹ̀ láti kojú rẹ̀. A kò ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Sebastian Coe, asáré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dàgbà nílùú Sheffield, kò sì sí òkè Iten níbẹ̀, síbẹ̀ ó sá 1:41.73 ní 1981, ó sì tó ọdún mẹ́rìndínlógún kí ẹnikẹ́ni tó yọrí jù ú. Ìṣòro tiwa ni ooru. Kí eré gígùn bẹ̀rẹ̀ kí aago mẹ́fà àárọ̀ ààbọ̀ tó lù, kí iṣẹ́ orí pápá wáyé lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí omi sì wà nítòsí, kì í ṣe lẹ́yìn eré nìkan.

Oúnjẹ kò nílò ohun tí a kò ní. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, iṣu, ìrẹsì, ẹ̀fọ́ àti èso tó. Lọ́jọ́ ìdíje, kí oúnjẹ tó lágbára wọlé ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, kí ó má sì jẹ́ àmàlà tó kún abọ́ tàbí ohun ọlọ́ràá. Ìrẹsì díẹ̀ tàbí búrẹ́dì àti tíì dára jù. Àwọn ọmọbìnrin nílò àfiyèsí tó ju èyí lọ. Nǹkan oṣù máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, nítorí náà kí ẹ̀dọ̀, ẹran pupa àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ yòkòtò má ṣe jìnnà sí wọn, bí nǹkan oṣù ọmọbìnrin tó ń sáré bá sì dáwọ́ dúró, kì í ṣe àmì pé ó ti di asáré gidi gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń sọ. Àmì ni pé oúnjẹ rẹ̀ kò tó iṣẹ́ tó ń ṣe, egungun rẹ̀ sì lè máa rọ̀. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bí a ṣe ń sá eré náà lọ́jọ́ ìdíje

Ẹ padà sí London. Rudisha parí ìyípo àkọ́kọ́ ní 49.28. Ó kọjá 600 mítà ní 1:14.30, èyí tó fi hàn pé igba mítà kẹta gbà á ní 25.02. Igba mítà tó kẹ́yìn gbà á ní 26.61. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin tó yára jù lọ láyé nínú eré yìí, nínú eré tó yára jù lọ nínú ayé rẹ̀, rọ ẹsẹ̀ ní ìparí. Ìyípo kejì rẹ̀ jẹ́ 51.63. Nítorí náà, ẹni tí ẹ bá rí tó ń kọjá àwọn èèyàn ní ọgọ́rùn-ún mítà tó kẹ́yìn nínú eré 800 tó yá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tún eré mú rárá. Àwọn yòókù ló ń kú lójú ọ̀nà, tirẹ̀ sì kéré sí tiwọn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ọmọ tó ń lépa ìṣẹ́jú 2 ni pé kí ìyípo àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 59, kí èkejì jẹ́ 61. Bí ó bá sá àkọ́kọ́ ní 55, ó ti yá owó tí kò lè san. Ibi tó ṣòro jù ni láti 400 sí 600, níbi tí kò sí ẹni tó ń pariwo, tí òpin ṣì jìnnà, tí ọkàn sì ń sọ pé kí a fi díẹ̀ pamọ́. Ibẹ̀ ni eré náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn láìmọ̀. Ẹ kọ́ ọmọ láti tẹ ara síwájú díẹ̀ nígbà tí agogo ìyípo tó kẹ́yìn bá dún, bí ẹni pé ibẹ̀ ni eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdíje kì í ṣe aago nìkan. Ní 2009, nígbà tí ìdíje àgbáyé wáyé ní Berlin, Rudisha kò kọjá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, bẹ́ẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e gan-an ló sá 1:42.01 nílùú Rieti ní Ítálì, ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni tó ń sá fún orílẹ̀-èdè Áfíríkà kò tíì sá rí. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ọgbọ́n ìdíje ni kò tíì pé. Ẹ wá wo bí ó ṣe gba mẹ́ta nínú àwọn wúrà tó tẹ̀lé e. Ní London ó fi ìyára lé gbogbo wọn dànù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Beijing ní 2015, ó tún ṣíwájú, ṣùgbọ́n ó mú eré náà falẹ̀, ìyípo àkọ́kọ́ gbà tó 54, kò sì sí ẹni tó gbójúgbóyà kọjá rẹ̀ kí ó tó fi gbogbo agbára sílẹ̀ ní ìparí; 1:45.84 ló fi gba wúrà. Ní Rio ní 2016, ó jẹ́ kí Alfred Kipketer tó jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ sáré lọ níwájú, ó wá gba iwájú ní ìyípo kejì, ó sì parí ní 1:42.15. Láti ìgbà Peter Snell ti New Zealand ní 1960 àti 1964, kò sí ọkùnrin mìíràn tó gba wúrà 800 ní Òlíńpíìkì méjì léra. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí ọmọ yín kọ́ láti ṣíwájú, kí ó kọ́ láti tẹ̀lé, kí ó sì kọ́ láti dúró sí èjìká ẹni tó wà níwájú ní léènì kejì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè há a mọ́ inú. Ẹ lè fi ìdíje kéékèèké kọ́ ọ: ẹ ní kí ó ṣíwájú lónìí, kí ó wà nípò kẹrin títí di 500 mítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ má sì bínú bí kò bá borí.

Nígbà tí ara bá ń dunni

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìfarapa ni kò jẹ́ kí Rudisha lọ sí Òlíńpíìkì 2008, òun náà ni kò jẹ́ kí ó díje ní Moscow ní 2013 nígbà tí orúnkún ń dà á láàmú, òun náà ló sì fòpin sí eré rẹ̀ lẹ́yìn 2017. Ìyà kò yẹ ẹni tó ní irú olùkọ́ yẹn sílẹ̀, kò sì ní yẹ ọmọ yín sílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ mọ ìrora yàtọ̀ síra. Èyí tó wà nínú iṣan, tó tàn kálẹ̀, tó sì ń lọ bí ara bá ti gbóná, kò burú. Èyí tó wà lójú kan, tí ọmọ lè fi ìka kan tọ́ka sí lójúgun tàbí lẹ́yìn itan, tó sì ń pọ̀ sí i bí ó ti ń sáré, kí eré dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀sẹ̀ kan ìsinmi kò bà á jẹ́. Oṣù mẹ́fà ni egungun tó sán lè gbà.

Ọ̀pọ̀ ìfarapa tí mo ti rí kò ti ibi ìṣubú wá. Pé iṣẹ́ pọ̀ sí i lójijì ló fà á. Ọmọ tó ti ń sá kìlómítà ogún lọ́sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ di ẹni tó ń sá ogójì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e nítorí pé ìdíje ìpínlẹ̀ ti súnmọ́. Kìlómítà méjì lé lórí tó. Bàtà sípáìkì náà, kí ó máa wọ̀ ọ́ fún iṣẹ́ tó yá nìkan, kí bàtà tó ní tìmùtìmù sì wà fún ìyókù.

Owó, ìwé, àti òfin

Mo rí i pé ibí ni ọ̀pọ̀ òbí ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé owó wà níbẹ̀: ní 2003, Mutola nìkan ló gba mílíọ̀nù kan dọ́là nínú ìdíje Golden League, àjọ World Athletics sì fún olúkúlùkù tó gba wúrà ní Paris ní 2024 ní 50,000 dọ́là. Àwọn tó ń débẹ̀ kò pọ̀, ìwé kíkà sì ni ọ̀nà tó dájú jù. Mutola fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Springfield, ìpínlẹ̀ Oregon, ní 1991. Yunifásítì Amẹ́ríkà ṣì ń fún asáré 800 tó dáńtọ́ ní irú àǹfààní yìí, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń béèrè èsì ìdánwò kí wọ́n tó béèrè ìwọ̀n eré. Kí ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé ọmọ jẹ́ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ ọdún kan tí a pa nítorí ife-ẹ̀yẹ ọmọdé lè dí ọ̀nà mọ́ ọn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Bí aṣojú kan bá mú ìwé àdéhùn wá, kí agbẹjọ́rò kà á kí ọmọ tó fọwọ́ sí i.

Lórí oògùn, mo fẹ́ kí ó yé yín dáadáa. Òfin eré ìdárayá kì í béèrè bóyá asáré mọ ohun tó gbé mì. Ohun tí wọ́n bá bá nínú ara rẹ̀, òun ló ni ín. Àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, hóró amúnilágbára tí wọ́n ń tà ní ìta, àti àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan lè dá a lẹ́bi. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà, kí ó sì sọ pé asáré ni òun. Bí ó bá di ẹni ńlá, yóò ní láti máa sọ wákàtí kan lójoojúmọ́ àti ibi tí àwọn ayẹ̀wò yóò ti bá òun. Bí wọ́n bá pàdánù rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjìlá, ó lè di ìfòfindè bí kò tilẹ̀ gbé ohunkóhun mì. Rashid Ramzi ti Bahrain gba wúrà 1500 mítà ní Beijing ní 2008; wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e nítorí ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe sọ fún ọmọbìnrin kankan pé ìgbéyàwó tàbí ọmọ bíbí ló parí eré rẹ̀. Faith Kipyegon bímọ ní 2018, lẹ́yìn wúrà 1500 mítà tó gbà ní Rio. Ó padà wá gbà á ní Tokyo, ó sì tún gbà á ní Paris.

Bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí

Ẹ wá ìwé kékeré kan tó ní èèpo tó le. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kí ọmọ náà gbóná ara fún ogún ìṣẹ́jú, kí ó sá 400 mítà bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ó sá 600 ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, bí ooru ṣe rí, ìwọ̀n eré méjèèjì, iye wákàtí tó sùn lálẹ́ tó ṣáájú, àti ọ̀rọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ sọ nípa bí ara ṣe rí lára rẹ̀. Ẹ pa ojú ewé tó tẹ̀lé e mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó bá tó àkókò, ẹ lọ sí pápá kan náà, ní wákàtí kan náà, kí ẹ tún un ṣe.